Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ọyẹ́: Tọkọtaya Àgbà ní Ajah àti Ìwé Ìtàn Wa

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ gbé síwájú yín. Nínú gbogbo ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí ẹ ti kà ní kíláàsì, mélòó ni ó tẹ̀ lé tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìn tì fún ọ̀sẹ̀ kan péré nínú ìlú ńlá? Mo ní tọkọtaya: kí àwọn méjèèjì wà láàyè, kí wọ́n jọ máa gbé inú ilé kan, kí ọkọ má ṣe babaláwo, kí ìyàwó má ṣe àjẹ́, kí olè má fọ́lé wọn, kí ọmọ má kú mọ́ wọn lójú. Kí wọ́n kàn jí, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n jiyàn lórí fèrèsé, kí ilẹ̀ ṣú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lójú tèmi, àléébù ńlá ni, ọwọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Kì í ṣe pé àgbà kò sí nínú ìwé wa. Ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, láti ẹnu obìnrin tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ní ìlú Èkó ni ó ti jáde. Isaac B. Thomas ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ọdún 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti bọ́ sí i: àgbà, Èkó, àti ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ṣùgbọ́n àìsàn àti àbámọ̀ ni ó la Ṣẹ̀gilọlá lẹ́nu, òun nìkan ni ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo Lápàdé, akọni inú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ kí ó sinmi? Mo fẹ́ràn Lápàdé púpọ̀, n kò sì fẹ́ kí ó jókòó tẹtẹrẹ. Síbẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ìtàn lójú àwọn òǹkọ̀wé wa, àfi bí ọ̀daràn bá kàn án tàbí bí ikú bá kanlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní fún wọn lórúkọ, nítorí irú wọn pọ̀ láti Ìkọ́tà dé Ajah, títí dé Ṣàngótẹ̀dó. Ọkọ ṣe iṣẹ́ ọba títí ó fi pé 60 ọdún. Ìyàwó jẹ́ olùkọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì kí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 tó sọ ti àwọn olùkọ́ di ọdún 65, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ àbàtà ni wọ́n rà á, tí àwọn ẹbí ń bi wọ́n pé ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ lọ bá gbé. (Lẹkki tòótọ́ wà lápá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, ní Ìbẹ́jú, àwọn tó ń ta ilẹ̀ ni wọ́n fa orúkọ rẹ̀ gùn títí ó fi bo gbogbo etí òkun yẹn.) Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń kúrò nílé ní aago mẹ́rin àbọ̀ òru kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dí òpópónà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ń wọlé nígbà tí oorun ti ń kun ojú. Ìsinsìnyí, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ojú ara wọn lọ́sàn-án.

Ọyẹ́ sì dé. Ọyẹ́ ni ìgbà òtútù tiwa. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń gbé eruku bọ̀, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ní Lẹkki, òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá, nítorí náà ọyẹ́ kì í rí àyè jókòó níbẹ̀ bí ó ti ń rí i ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi ń jà, afẹ́fẹ́ òkun á sì tún lé e padà. Kódà nígbà tó bá le jù, òtútù òwúrọ̀ kì í sábà wálẹ̀ ju ìwọ̀n 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó wà nínú yìnyín ní Tòróńtò yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n egungun ẹni 70 ọdún kì í ka òṣùwọ̀n.

Ní Ọjọ́ Ajé, bàbá jí ní aago mẹ́rin. Kò sí ẹni tó jí i, kò sì sí ibi tó ń lọ. Ara rẹ̀ ni kò tíì gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ bí àwọn dánfó ti ń fun fèrè lójú títì, kùrukùru bo iná òpópónà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá bọ́ sí ìta pẹ̀lú igbá òrí, ó jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti là. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ:

"Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ti fèrèsé pálọ̀. Eruku ti bo tábìlì."

"Ibi tí à ń lọ gan-an, kí ló wà níbẹ̀ bí kò ṣe eruku?"

"Ẹ má tíì lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu tábìlì náà ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì kà á sí àwàdà mọ́. Ikú ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, àti ìfẹ́, àti iṣẹ́ ilé, nínú gbólóhùn mélòó kan péré. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹwà èdè ń wá a kiri inú ìwé nígbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ládùúgbò wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ọjọ́ omi, nítorí omi ilẹ̀ ibẹ̀ a máa pọ́n bí ìpatà, a sì máa ní iyọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tánkà. Ní Ọjọ́rú wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Kò sí ohun púpọ̀ tí mo ní láti sọ nípa ọjọ́ méjèèjì yìí ju pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń gùn kọjá títì kò mọ ohun tí orúnkún àgbà ń jẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ìyá lọ sí ọjà Ajah. Èyí ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ lé e dé, kí ó di ìwé kékeré mú lọ́wọ́. Owó tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ìtàn: láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 ti dé, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni wọ́n jọ ń tọ́jú owó pamọ́ lóṣooṣù, ohun tí ó bá sì kó jọ ni a ó máa bù jẹ lọ́jọ́ alẹ́. Iye tí à ń bù kì í sáré. Iye tí wọ́n ń pe ẹja ni ó ń sáré. Nítorí náà kò lè ṣe kó má ná ọjà dáadáa. Ọlọ́jà gbé èpìyà sókè, ó ní iye tí òun pè yẹn jálẹ̀ ni. Ìyá wo ojú ẹja náà, ó ní, "Ọmọ mi, ẹja yìí ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ ṣáájú èmi." Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì rí i rà ní iye tí ó fẹ́. Ta ni yóò kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní irú ọ̀rọ̀ yìí? Kò sí nínú ìwé gírámà kankan.

Bí mo bá fo Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ẹ má bínú. Iná tó lọ tí kò dé àti ìwé ìpè àríyá mẹ́ta nínú oṣù kan kì í ṣe ohun tuntun fún ẹnikẹ́ni lÉkòó.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni ọmọ wọn pè láti Tòróńtò lórí WhatsApp. Ọmọ-ọmọ yọjú sí fóònù, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Grandma." Ìyá ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe pé ẹ káàsán ni, ṣùgbọ́n bàbá fọwọ́ kàn án: wákàtí mẹ́fà ni Èkó fi ṣíwájú wọn ní àkókò òtútù, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni lọ́hùn-ún. Ọmọ náà gbà á. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ parí sí, ìyókù ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà sì di Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Tòróńtò kò dùn mí tó ti àwọn ọmọ-ọmọ tó ń gbé ní Lẹkki gan-an, tí wọ́n ń wá kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà, tí Yorùbá wọn kò ju ti ọmọ òkè òkun yẹn lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní ọdún 2018 pé kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ èdè Yorùbá. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ojú ọmọ ni àwọn àgbà méjèèjì ti ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ bá sì ti kẹ́yìn, wọ́n á padà sí Yorùbá. Ọmọ náà wá gbà pé èdè àṣírí ni Yorùbá, èdè tí àgbà fi ń sọ̀rọ̀ owó àti àìsàn. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà nínú ẹ̀sítéètì wọ̀nyẹn, ẹni méjì péré ni Yorùbá tó jinlẹ̀ ń gbé láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá lọ, ta ni èkejì yóò máa fi ọ̀rọ̀ eruku dá lóhùn?

Àwọn kan yóò ní ọlọ́rọ̀ ni ará Lẹkki, kí wọ́n tọ́jú ìtàn ara wọn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé Màròkó. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1990 ni ìjọba ológun Èkó wó Màròkó, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn kò fi nílé mọ́. Ilé tí kò tíì parí ní Ìlàsàn àti Ìkọ́tà ni wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn sí. Ẹni tó jẹ́ géńdé nígbà náà ti darúgbó báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan, nítorí apẹja tàbí oníṣòwò kì í gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Ọ̀sẹ̀ tiwọn nínú ọyẹ́ kò jọ ti tọkọtaya wa, bẹ́ẹ̀ títì kan náà ni ó wà láàárín wọn. Ìwé ìtàn tó bá gba àwọn ará ìhà méjèèjì títì yẹn wọlé, èmi yóò ra ẹ̀dà mẹ́wàá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sinmi àròkọ "Ọjọ́ Mánigbàgbé" fún sáà kan. Gbogbo ọmọ ti mọ̀ pé jàǹbá ọkọ̀ tàbí ìgbéyàwó ni kí òun fi sí i. Ẹ ní kí wọ́n lọ bá àgbà méjì, kí wọ́n jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ méje láìtan fóònù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ti gbọ́ ọ: ohun tí ọkọ ń pe ìyàwó níwájú àlejò àti ohun tó ń pè é nígbà tí kò sí ẹnìkankan, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹsẹ̀ tó là àti ètè tó bó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí nítorí èkejì ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ má dín máàkì ẹni tí kò rí jàǹbá kankan kọ. Ẹ yára yàn án fún wọn, nítorí ọyẹ́ kì í pẹ́ ní etí òkun. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó dé, wọ́n á ti ṣí fèrèsé pálọ̀ yẹn padà.