Kí Ni Òdòdó Inú Ìkòkò Ń Wí?

Àwọn kan ń wí pé àwòrán òdòdó nínú ìkòkò kò ní ìtumọ̀ kankan ju ẹwà lọ. Àwọn mìíràn ní ikú nìkan ni ó ń rán ni létí. Ìhà méjèèjì kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan, èyí tí Ambrosius Bosschaert fi ọ̀dà olóróro yà sórí bàbà pẹlẹbẹ ní nǹkan bí ọdún 1609 sí 1610, tí ó wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Middelburg, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkòkò inú àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ti Họ́láńdì: tánganran ilẹ̀ Ṣáínà ni, irú ti ìgbà ọba Wanli. Láti ilẹ̀ Tọ́kì ni túlípù ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn òdòdó náà kì í sì í tanná ní àkókò kan náà. Ọgbọ́n ayàwòrán ni ó kó wọn jọ.

Báwo ni tánganran ṣe dé ibẹ̀? Òwò ni, ogun ojú òkun sì ni. Ní 1602 ni àwọn ará Họ́láńdì dá ẹgbẹ́ oníṣòwò ńlá wọn ti Ìlà-oòrùn sílẹ̀. Ní 1603 wọ́n fi ipá gba ọkọ̀ Santa Catarina lọ́wọ́ àwọn Pọtogí. Ní 1604 wọ́n sì ta tánganran inú rẹ̀ ní Amsterdam. Èmi kò wí pé inú ọkọ̀ náà ni ìkòkò yìí ti wá. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá wo àwòrán náà tí kò rí òwò àti ìjà nínú rẹ̀, ojú lásán ni ó fi wò ó.

Ta ni ó yẹ kí ó mọ èyí jù wá lọ? Àwọn bàbá wa tí ń fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ pàrokò mọ̀ pé ohun tí a tò pọ̀ a máa sọ̀rọ̀: iye wọn àti bí a ti tò wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, kí a fi júwe ọlá òyìnbó, kí a sì máa tijú ìkòkò tí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa mọ. Bosschaert kò tijú iṣẹ́ amọ̀kòkò àjèjì. Àárín gbùngbùn ni ó gbé e sí. Àwa ńkọ́, tí ìkòkò náà jẹ́ tiwa? Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, ayé a máa bá a fi kólẹ̀.