Òkun ló lé ará Ayétòrò, òfin ní inúnibíni lòun mọ̀

Ẹni tó bá mọ Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ láyé ọjọ́sí, tó tún débẹ̀ lónìí, háà ni yóò ṣe. Ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń náwó, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìlú Aláyọ̀, òkun ti ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Ilé lọ, iléèwé lọ, itẹ́ òkú pàápàá lọ. Ẹlòmíràn ti kọ́lé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, omi sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Bí ajẹ́ńtì bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé, ohun tó máa sọ ò ṣòro mọ̀: "Ìwọ tí omi gbalé ẹ, ogúnléndé ni ẹ́ o! Sáà ti dé ọ̀hún, kó o ní òkun lé ẹ, físà dọwọ́ nìyẹn." Ẹni tójú ń pọ́n á fẹ́ẹ̀ lọ ta ọkọ̀ ìpẹja ẹ̀.

Irọ́ ni o. Òfin tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1951, tí wọ́n mú gbòòrò ní 1967, kò dárúkọ òkun rárá. Ó ní kí ẹni tó ń wá ààbò fi hàn pé ẹ̀rù tó nídìí ń ba òun, pé wọ́n máa fìyà jẹ òun nítorí ẹ̀yà òun, ẹ̀sìn òun, orílẹ̀-èdè òun, èrò òun lórí òṣèlú tàbí irú àwùjọ tóun wà. Ó gbọ́dọ̀ ti jáde nílùú ẹ̀, kó sì jẹ́ pé ìjọba ilé ẹ̀ ò lè gbà á sílẹ̀. Omi kì í béèrè ẹ̀yà kó tó gbé ilé èèyàn lọ.

Ẹni tí wọ́n sun abúlé ẹ̀ nígbà ìjà Ìlàjẹ àti Ijaw Arógbò ní 1998 sí 1999, tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀yà wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, wọn ì bá bi í pé: Òkìtìpupa ńkọ́? Èkó ńkọ́? Ṣé kò síbi tó lè sá sí ní Nàìjíríà ni? Ibi tí ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wó nìyẹn. Ẹni tó bá sì lọ ya ìtàn onítàn sọ, tí àṣírí tú, wọn ò ní gba òótọ́ ẹnu ẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ioane Teitiota, ọmọ erékùṣù Kiribati, gbé ọ̀rọ̀ omi yìí lọ sílé-ẹjọ́ ní New Zealand. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá a nù ní 2015, wọ́n sì dá a padà sílé. Nígbà tí ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jáde ní January 2020, wọ́n ní New Zealand ò jẹ̀bi, àmọ́ tó bá dọjọ́ tí ojú ọjọ́ fẹ́ẹ́ gbẹ̀mí èèyàn, kò yẹ kí ìlú kankan lé e padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀la nìyẹn.

Australia ṣáà gbà láti máa mú èèyàn 280 lọ́dún láti Tuvalu, tí òkun ń halẹ̀ mọ́. Àdéhùn ìjọba sí ìjọba ni, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2023, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Orúkọ Ayétòrò ò sí níbẹ̀.

Òfin tó kan ará Ayétòrò gan-an, ilé ló wà. Àdéhùn Kampala tí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ní 2009, tí Nàìjíríà náà tọwọ́ bọ̀, sọ pé ẹni tí àjálù tàbí àyípadà ojú ọjọ́ lé kúrò nílé, ìjọba ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, kó sì ràn án lọ́wọ́. Kò béèrè físà. NDDC sì ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò jáde láti 2004. Ẹ bá wọn bi ará ìlú náà pé odi ọ̀hún dà.