Alángbá Tó Ń Yá Oòrùn
Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, inú kọ́ ló ń run ún: ó ń yá oòrùn ni, ó sì ń fi ikùn gba ooru lára ògiri. “Ẹlẹ́jẹ̀ tútù” tí wọ́n ń pè é kò tẹ́ wa lọ́rùn, torí bó bá yá oòrùn tán, ara rẹ̀ lè gbóná bíi tiwa. Kò kàn lè fúnra rẹ̀ pèsè ooru tó tó ni. Bí ọ̀sán bá mú, á gbé ikùn kúrò nílẹ̀, á wá ibòòji lọ.

Ẹ̀yin òbí, àárọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì tutù, tí kò lè sáré, làwọn ọmọ wa ń sọ ọ́ lókò. Ẹ gba òkò lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n jókòó wo orí akọ, bó ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ti ń mú.