Ẹ Kọ́ Olùkọ́ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Bí ìjọba bá fẹ́ sọ iléèwé di ti ìgbàlódé, ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ rà. Àwa ń bẹ àwọn tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ ní Benin pé olùkọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti irú ìlú bíi Paouignan, ní agbègbè àwọn òkè Dáṣà.

Orílẹ̀-èdè Peru pín kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹpẹtẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Ìwádìí tó jáde ní 2012 fi hàn pé ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn ọmọ náà kò sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Nítòsí wa, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, jáde ní 2013, tòun ti ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá nínú rẹ̀. Èrò rere ni, orúkọ rẹ̀ sì wù wá. Àmọ́ olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ọmọ ṣí irú ọ̀pọ́n bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ó yẹ kó pa á dé, àti ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e.

Kí olùkọ́ mọ bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà kò tó. Ẹni tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Paouignan lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ya àwọn òkè tí àwọn ọmọ ń rí lójoojúmọ́, kó wá bi wọ́n léèrè ìdí tí àpáta fi dúró nígbà tí ilẹ̀ tó yí i ká ti wọ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, áàpù Kiwix ń jẹ́ kí èèyàn ka Wikipedia láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, ní èdè Faransé pàápàá. Ta ló ti fi èyí han olùkọ́ náà?

Ẹ má pe àwọn olùkọ́ lọ sí Kútọnu fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó wo iṣẹ́, kó bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, kó sì tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní aspirants, tí ìjọba ń gbà síṣẹ́ láti 2019, gbọ́dọ̀ wà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Kí ENS, iléèwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tó wà ní Àjàṣẹ́ náà rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di olùkọ́ ti fi fóònù kan ṣoṣo kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́ kó tó jáde. Kí wọ́n ka wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́ wákàtí iṣẹ́, kí owó dátà má sì ti àpò olùkọ́ jáde.