Okùn Ọrùn Kò Yẹ Adìyẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Bàtà Eré-Ìje

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀nà ọ̀dà tí ó gba Tchaourou kọjá lọ sí Parakou yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sáré. Inú mi a máa dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá jókòó láti sinmi, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í dùn mọ́ mi. Wọn kì í sọ ti èémí, wọn kì í sọ ti oorun tàbí oúnjẹ. Orúkọ bàtà ni wọ́n ń pè. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bá ní àmì tí ayé mọ̀, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tako àṣà yìí, nítorí pé ó ń jẹ àwọn òbí lówó, ó ń dá egbò sí àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀, ó sì ń lé ọmọ tálákà kúrò lórí pápá.

Kí n tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mo tún máa ń kó wọn jáde láti sáré. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wá bá wa pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Mo ní kí ó padà sílé títí yóò fi ra bàtà eré-ìje. Lẹ́yìn oṣù kan, ó dé pẹ̀lú bàtà tuntun tí àmì ńlá wà lára rẹ̀, ayédèrú ni. Iṣu tí ìyá rẹ̀ fẹ́ gbìn ni ó tà láti rà á. Ní ọjọ́ eré-ìje kìlómítà 10, kí ọmọ náà tó sáré dé ìdajì, ìsàlẹ̀ bàtà ti ṣí, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì sì ti dúdú. Láti ọjọ́ náà kò bá wa sáré mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bàtà ni ìwé àṣẹ ìwọlé.

Ta ni àwọn bàtà olówó ńlá náà wà fún? Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Tigist Assefa, ọmọ Etiópíà, sá eré-ìje marathon ní Berlin ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú-àáyá 53, èyí tí obìnrin kankan kò tíì ṣe rí nígbà náà. Bàtà Adidas tí ó wọ̀ wọn gíráàmù 138 péré. 500 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé eré-ìje marathon kan ṣoṣo ni ó wà fún, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí a ó fi mọ́ ọn lára. Bí 300,000 fáráǹkì ni owó yẹn. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

N kò sọ pé irú bàtà bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Fọ́ọ̀mù fífúyẹ́ àti awo pẹlẹbẹ oníkábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń ran ẹni tí ó ti dé góńgó lọ́wọ́. Nítorí rẹ̀ ni World Athletics ṣe fi òfin dé e ní ọdún 2020 pé kí ìsàlẹ̀ bàtà eré ojú títì má nípọn ju mìlímítà 40 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹni ni ó yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Lórí yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀nà abúlé wa, bàtà gíga tí ó rọ̀ bí òwú lè yí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ, kò sì ní pẹ́ gbó.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹsẹ̀ lásán ni Abebe Bikila fi gba wúrà ní Róòmù ní ọdún 1960. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Tokyo ní ọdún 1964, ó wọ bàtà, ó sì tún gba wúrà. Bàtà kọ́ ni ó sáré, àìwọ bàtà kọ́ sì ni, Bikila ni.

Báwo ni kí a ṣe yàn án? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà àti ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra bàtà. Fún ìdánrawò ojoojúmọ́, ẹ wá èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí ó sì di ilẹ̀ mú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Kí àyè tó ìbú àtàǹpàkò kan ṣẹ́kù níwájú ọmọ-ìka tí ó gùn jù. Kí gìgísẹ̀ má máa yọ. Bí ó bá ń dunni ní ọjà, yóò dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Bí òǹtajà bá sì ní òun yóò fi kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ yín yan bàtà fún yín, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti dán èyí wò lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà: kò dín ìfarapa wọn kù.

Bàtà àlòkù Arzèkè ní Parakou tàbí ti Missèbo ní Cotonou kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ gbé e lé orí pákó títẹ́jú: bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀: bí ó bá ti le bí igi, ó ti kú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ eré-ìje gígùn, bàtà tí ẹ ti fi sáré jíjìnnà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe tuntun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ bàtà di ẹnubodè. Mo ti yí òfin mi padà. Ọmọ tí ó bá wá láìní bàtà, orí koríko ni a ó ti jọ bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi rí èyí tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Àpótí kan wà ní kíláàsì mi nísinsìnyí, tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti dàgbà ń kó bàtà wọn sí fún àwọn àbúrò. N kò béèrè orúkọ tí ó wà lára èyíkéyìí nínú wọn.