Ẹ wo bíréèkì kẹ́ ẹ tó wo AC: ọ̀rọ̀ nípa mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń tà lágbègbè Asese

Ẹni tó bá ń gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ á ti fojú ara ẹ̀ rí i. Láti Ibafo dé Asese, títí wọ Mowe, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí mọ́tò tí wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé títà ni. Nọ́ńbà fóònù á wà níbẹ̀, wọ́n á ní AC rẹ̀ ń tutù nini, wọ́n á ní wọn ò kùn ún rí. Corolla ọdún 2003 ni, Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, tàbí Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, mọ́tò tó ti ń lọ sí ogún ọdún tàbí tó ti lé. Nígbà kan, irú wọn ni mẹkáníìkì máa ń sọ fún èèyàn pé kó tètè tà. Ní báyìí, àwọn gan-an ni tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń lọọ yáwó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó fà á. Kí ìjọba tó tú dọ́là sílẹ̀ kó máa wá iye tó fẹ́ jẹ́ lóṣù Kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan nílé ìfowópamọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Mọ́tò tí wọ́n ń tà ní $4,000 l'Amẹ́ríkà, ₦1.84 mílíọ̀nù ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó di mílíọ̀nù mẹ́fà, mọ́tò kan náà. Ẹ ò sì tíì sanwó ọkọ̀ ojú omi, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, tó jẹ́ pé iye tí dọ́là bá jẹ́ làwọn náà fi ń ṣírò owó tiwọn. Ọ̀nà Kútọnu tí àwọn kan ìbá tún yà sí, ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017. Bí tòkunbọ̀ ṣe di nǹkan àwọn olówó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ èrò náà ò dúró síbi tó wà. Epo bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ ₦200 kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kọjá ₦1,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó tìtorí owó ilé kó wá sí Asese, tó sì ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ó ní láti wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó ń ṣe náà ni pé ó ń ra mọ́tò tí ẹlòmíì ti lò gbó níbí.

Ta ló wá yẹ kó yẹ mọ́tò náà wò kó tó bọ́ sójú títì? Lórí ìwé, àwọn VIO ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí pé mọ́tò yẹ lójú pópó rí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ní kéèyàn gbé mọ́tò ọ̀hún wá. Òkè òkun náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìwádìí jáde pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mọ́tò àlòkù mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ló jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ló gba tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìjọba Netherlands yẹ àwọn tó ń gba èbúté tiwọn kọjá wò, púpọ̀ nínú wọn ni ò ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣì yẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà tún wá lò ó fún ọdún mẹ́wàá, ká tó lẹ bébà mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹni tó ń rà á ló kù tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ò dáa: AC, rédíò, kíkùn. Mo mọ̀ pé oòrùn ń mú, ṣùgbọ́n ẹ rántí ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ máa wà á. L'Ékòó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa ń bo àṣírí bíréèkì tí ò dáa. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Long Bridge tí ọ̀nà là, tí táńkà epo wà níwájú, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ohun tó máa bò ó mọ́. Ẹ sáná sí mọ́tò, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bó bá ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ìṣòro wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á ládùúgbò tí ò sí èrò, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì. Bí mọ́tò bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí sítíárìn ń gbọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Táyà ló kàn. Ẹ má wo eyín rẹ̀ nìkan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2314 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Eyín táyà lè jìn dáadáa kó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó ṣeé ṣe kó ti forí sọ nǹkan rí.

Ọ̀rọ̀ airbag ni àwọn èèyàn wa ò tíì gbọ́ tó. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe airbag fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò, Toyota àti Honda wà nínú wọn. Ohun tó ń fẹ́ airbag náà lè bú gbàmù kó sì fọ́n irin sí awakọ̀ lára. Ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́, ẹ̀yin náà ẹ wo ojú ọjọ́ wa. Ó ti pa èèyàn l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí wọ́n dá àwọn mọ́tò ọ̀hún padà, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọkọ̀ ojú omi wá síbí kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀ ńkọ́? Corolla àti Accord ọdún 2003 sí 2007 wà lára àwọn tọ́rọ̀ kàn. Bí mọ́tò bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ VIN rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, sórí ìkànnì NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni, á sọ bí wọ́n bá ti tún un ṣe. Ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́ láìsáná: iná airbag, ti ẹ́ńjìnnì àti ti ABS gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí mọ́tò bá ṣáná. Èyí tí ò tàn rárá burú ju èyí tí ò kú lọ, torí ẹnì kan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin. Bí ẹrẹ̀ tàbí ìlà omi bá wà lápá tó máa ń fara pamọ́, mọ́tò náà ti mu omi rí. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó kún Houston lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó rì ló bọ́ sí ọjà gbàǹjo, ọjà gbàǹjo yìí náà sì ni àwọn oníṣòwò wa ti ń rajà.

Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ dé ní òwúrọ̀ láìpè é ṣáájú, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti sáná sí i de yín. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ọ̀lì ló ń jó. Funfun tí ò tán bọ̀rọ̀, omi ti ń wọ ibi tí ò yẹ. Bí abẹ́ ìdérí ọ́ọ̀lì bá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ máa lọlé yín. Ẹ fi gíà sí D lórí bíréèkì: bó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tó lu gbì, owó gíà lè tó ìdá ńlá nínú owó mọ́tò.

Mẹkáníìkì tẹ́ ẹ bá mú dání ńkọ́? Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ẹ ra mọ́tò o, ẹ ò rà á o. Bó bá jẹ́ pé owó ọ̀nà tí olùtajà máa fún un ló ń retí, mọ́tò kankan ò ní burú lójú ẹ̀. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú.

Ó ku ìwé. VIN tó wà lójú mọ́tò, tẹnu ilẹ̀kùn àti tinú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó ṣìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, torí ìpínlẹ̀ tó ní ẹnubodè ni Ògùn, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà. Ẹ san owó sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ yíyí orúkọ padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: bí mọ́tò tẹ́ ẹ tà bá gbá èèyàn ní Mowe lọ́la, tí orúkọ yín ṣì wà lórí rẹ̀, ilé yín ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá.