Ilé Òfìfo ni Ọ̀ràn, Kì Í Ṣe Ẹni Tí Ń Sùn Lábẹ́ Afárá

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n: ọgbọ́n inú ilé náà ti fẹ́ pọ̀ lápọ̀jù wàyí, nítorí pé bí kì í bá ṣe àṣejù ọgbọ́n, kí ni à bá pe ìlú tí ń kọ́ ilé fún ẹni tí kò ní gbé inú rẹ̀, tí ó sì ń fi kùmọ̀ lé ẹni tí kò rí ibi gbé orí lé kúrò lábẹ́ afárá? Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kádàrá ni àwọn àgbà ń sọ nígbà náà, wọn kò sọ pé kí ìjọba jókòó ti ìwé òfin kí ó máa pín fìlà fún aláìlórí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìkòyí, ilé tí a tì pa ni ó ń ba ìlú yìí jẹ́, kì í ṣe tálákà tí ojú ń rí níta. Ẹni tí ó bá sì ń pe lílé tálákà ní àtúnṣe ìlú, bóyá kò mọ ìtàn ìlú náà, tàbí kí ó ní owó nínú ọ̀ràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ya bo abẹ́ afárá Dolphin ní Ìkòyí, wọ́n sì bá yàrá 86 níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá jẹ́ gbogbo ìwọ̀n wọn. Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, kéde pé àwọn tí ń gbé inú wọn ń san nǹkan bí ₦250,000 lọ́dún. Gbogbo ìlú pariwo. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣépè, àwọn kan ní ọ̀daràn ni gbogbo wọn pátá; wọ́n tú yàrá náà ká, wọ́n lé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dànù, ìjọba sì gba oríyìn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́: owó ilé ni wọ́n ń san. Ẹni tí ó ń san owó ilé lọ́dọọdún fún yàrá tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru kì í ṣe alárìnkiri, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ayálégbé ni, bí èmi, bí ìwọ. Ohun tí ó lé e wọ abẹ́ afárá ni pé bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì ní òkè, ajẹ́ńtì yóò béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fi owó àgírímẹ́ǹtì lé e, yóò fi kọmíṣọ́n lé àgírímẹ́ǹtì, yóò sì tún wá ọ̀nà mìíràn tí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Alábàárù tí ń fi orí ru ẹrù ní Balógun, àti ìyá tí ń dáná oúnjẹ tà ní Ọbáléndé láti ìdájí, níbo ni wọn yóò ti rí owó yẹn kó jọ lójú kan?

Kí ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kúrò lábẹ́ afárá náà, kí ó gba ojú ọ̀nà Bourdillon kọjá lálẹ́, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, kí ó sì gbé ojú sókè. Yóò rí ilé àwòṣífìlà tí wọ́n fi dígí ṣe ògiri rẹ̀, tí máìgádì méjì jókòó sí ẹnu géètì rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń kùn, tí òdòdó àgbàlá rẹ̀ sì ń gba omi bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀, bí ó bá fẹ́ kà wọ́n, ìka ọwọ́ rẹ̀ yóò tó o kà á. Àwọn tí ó ni ín kò kọ́ ọ kí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀. Náírà ń yọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti sọ ilé di kòlò tí wọ́n ń fi owó pamọ́ sí. Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye rẹ̀, bí a kò bá sì rí ẹni tí yóò san dọ́là, ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ó ṣófo ju kí wọ́n bù ú kù fún ọmọ ìlú tí ń gba náírà. Àwọn mìíràn wà nínú wọn tí owó tí wọ́n fi kọ́ ọ kò fẹ́ kí oòrùn rí òun. Èyí kò kàn mí lónìí. Ilé ẹjọ́ ni ó ni í.

Bí a bá sì ní kí a dá àwọn olówó nìkan lẹ́bi, a ó parọ́, nítorí ìjọba ni ọ̀gá wọn nínú iṣẹ́ títì-ilé-pa. Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí, ilé gìrìwò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún akọ̀wé ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde nígbà kan rí, di òfìfo nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ìjọba àpapọ̀ tà á ní 2006, ìjọba Èkó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àríyànjiyàn di ẹjọ́, ẹjọ́ di ọdún lórí ọdún, koríko sì ń hù níbi tí yàrá tí ó lè gba ìdílé púpọ̀ wà. Katakata kan kò dé ibẹ̀ láti bi wọ́n léèrè.

Kì í ṣe òní ni a ti ń ṣe báyìí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn wọ Èkó ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, láti tún ìlú ṣe. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: àrùn náà kì í ṣe ẹ̀tàn, gọ́tà ẹlẹ́gbin kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn í fi yangàn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan náà yìí ni ó padà wá lẹ́yìn 1950, nígbà tí àjàkálẹ̀ ti lọ, tí òmìnira ń bọ̀, tí ojú sì ń ti àwọn aṣáájú wa kí àlejò má baà rí páànù tí ó ti dípẹtà ní ẹ̀yìn Broad Street, tí ó fi pinnu láti wó éékà 70 ní àárín gbùngbùn Èkó, tí ó sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ kọjá omi lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n kó wọn lọ mọ́, ojú ọ̀nà rẹ̀ gún, èmi kò sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Peter Marris, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ láti ojúlé dé ojúlé láàárín wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, bá a pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ilé ṣùgbọ́n wọn kò rí ọjà. Obìnrin tí ń pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ní Èkó, tí oníbàárà ń gba ibẹ̀ kọjá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, pàdánù oníbàárà. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì ń jẹ èrè tán, owó ilé ń gorí ara wọn, ìyá àti ẹ̀gbọ́n tí ó máa ń bá ni gbé ọmọ mọ́ra wá di ẹni tí a ń ṣètò kí a tó rí.

Kí ni a wá fi ilẹ̀ náà ṣe? Ilé iṣẹ́ ni, ilé ìfowópamọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù ni. Nígbà tí ó sì yá, àwọn ilé ìfowópamọ́ náà di ẹrù wọn, wọ́n gba Victoria Island lọ. Ẹ wo Broad Street lónìí: àjà ìsàlẹ̀ kún fún aṣọ, bàtà àti báàgì dé ojú títì, aláte jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, òmíràn tún jókòó sí iwájú aláte, ṣùgbọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹrin, ìwọ yóò bá ilẹ̀kùn tí àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà, gíláàsì fèrèsé tí ó ti fọ́, àti eruku. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn alábàárù tí ó ru gbogbo ẹrù yẹn láti àárọ̀ yóò tẹ́ páálí wọn sí ìsàlẹ̀ ilé kan náà, wọn yóò sùn sí ìta ṣọ́ọ̀bù, àjà òfìfo mẹ́ta yóò sì wà lókè orí wọn. Ìlú wo ni ó ń ṣe báyìí tí a ń pè ní ọlọ́gbọ́n?

Ti Tẹ́júoṣó ní Yábàá tún ju èyí lọ. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ọjà Tẹ́júoṣó jó ní 2007, ẹwà sì bù sí i lóòótọ́, nítorí nígbà tí wọ́n ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 2014, ilé alájà gàgàrà ni. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀. Àwọn ìyá tí ọjà jó mọ́ lórí, tí wọ́n ti ń retí láti ọdún yìí wá, wo iye náà, wọ́n gbé àtẹ wọn lọ sí ẹ̀bá títì àti ojú irin rélùwéè. Ṣọ́ọ̀bù ṣófo nínú ilé, ọjà kún títì lóde, ìjọba sì tún rán àwọn agbófinró wá láti gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní títì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìjọba nìkan kọ́, wọn kò sì jayò pa. Ìdí tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, fi gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì jàre ní 1921, ni kí a lè mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ìjọba lè gbà lásán. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ wa fi ìjàre náà ṣe! Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé ẹbí tí a sin bàbá àgbà sí, tí ìyá arúgbó mẹ́ta ṣì ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ni wọ́n ń tà fún oníplásà. Wọn yóò pín owó náà, ọ̀kan yóò fi ra ọkọ̀, ọ̀kan yóò fi ṣe òkú, ìyá arúgbó yóò sì di ayálégbé ní Ìkòròdú. Ilé Ìlójò ní Tinúbu, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní 1855, tí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin wà níbẹ̀, ó ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ilé bo ti ọba mọ́lẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a lé kúrò ní Máròkó. Ilé olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Láti oṣù Kọkànlá 2016 dé oṣù Kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn Ẹ̀gùn apẹja tí ó lé ní 30,000 kúrò ní Otodo Gbame, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ kí wọ́n dúró. Ilé ẹjọ́ tún sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà 2017, pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin ilẹ̀ yìí. Ilé kò padà.

Àwọn alátakò mi yóò ní, "Ẹni tí ó ni nǹkan ni ó ni ín, bí ó bá wù ú kí ó ti ilé rẹ̀ pa, kí ni ó kàn ọ́?" Ó kàn mí, nítorí títì tí ó dé ẹnu géètì rẹ̀, owó gbogbo wa ni, ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ, owó gbogbo wa ni. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gbé ahéré, gbogbo yín ni ẹ mọ òfin yìí lórí. Nígbà tí ó kan ilé dígí, ẹ gbàgbé rẹ̀. Àwọn kan tún ń sọ pé bí a bá fi ọjà sílẹ̀, owó ilé yóò wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àjà òkè Broad Street ti ń dúró de ọjọ́ náà láti ìgbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba má wó ilé ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìlú yìí títí ilé tí yóò kó sí yóò fi dúró, ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Kí a sọ àwọn àjà òfìfo gbùngbùn Èkó di yàrá, kí àwọn tí ń ru ẹrù Balógun máa san owó oṣù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kì í ṣe ti ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni kí a dé ibi òfin owó ilé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, èyí tí ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò kan Àpápá, kò kan GRA Ìkẹjà, kò kan Ìkòyí, kò sì kan Victoria Island; èyí ni pé níbi tí olówó ń gbé, òfin bọ́ bàtà, ó sì padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Alausa, gbólóhùn kan péré ni, kálàmù kan tó láti pa á rẹ́. Kí ẹ sì tó dìde níbi ìjókòó ọjọ́ náà, ẹ fi owó orí lé gbogbo ilé tí ó bá ṣófo ju ọdún kan lọ, kí ó máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún tí àgádágodo bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti olówó, ìbáà jẹ́ ti ìjọba.